Àsíá Tó Dúdú Dáadáa

Obìnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi, ó fi ẹsẹ̀ lásán wọlé, ó sì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pátákó ìkọ̀wé. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ Píráímárì Kẹrin lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní wòlíì lòun fẹ́ rí.

Èmi kì í pẹ́ bínú. Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà tí òun fẹ́ bí mi, ìbínú mi ló kọ́kọ́ jáde, èmi wá tẹ̀lé e. Mo ní, "Màmá, ilé-ìwé ìjọba nibí. Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ máa lọ."

Kò dìde. Ó nawọ́ síta lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá. Láti ojú títì ni mo ti rí àsíá funfun yín."

Mo wo ibi tó nawọ́ sí, ẹnu sì yà mí. Àsíá Nàìjíríà wa ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi wá sí ilé-ìwé náà, àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé ni. Oòrùn ti lá àwọ̀ ewé rẹ̀, òjò ti ṣan ìyókù, aṣọ funfun lásán ló kù lórí ọ̀pá. Àràárọ̀ là ń dúró níwájú rẹ̀, tí à ń kọrin fún un, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó rí i pé ó ti yí padà. Ohun téèyàn ń rí lójoojúmọ́, ojú kì í rí i mọ́. Lágbègbè tiwa sì rèé, ilé tó bá ta àsíá funfun sókè, bí kì í bá ṣe ilé oníṣẹ̀ṣe, ilé àdúrà ni. Ẹni tó bá ní ìṣòro kì í tún béèrè, á kàn bọ́ bàtà ni.

Kí n tó mọ ohun tí màá sọ, àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń pariwo pé, "Wòlíì wà ní ọ́fíìsì!" Ọ̀gá àgbà wa ni wọ́n ń bá wí. Ọjọ́ Jímọ̀ sì ni, ọkùnrin náà ti wọ jàlàbíà funfun rẹ̀, ó ń múra àtilọ sí mọ́sálásí. Bí obìnrin náà ṣe rí i báyìí, iyèméjì kankan kò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá àgbà ṣàlàyé, ó ṣàlàyé, ó rẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ní ara ọmọ òun kò yá, òun kò sì ní kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbàdúrà fún un. Nígbà tí ọ̀gá àgbà rí i pé ìrun Jímọ̀ fẹ́ kọjá òun, ó ní kí Ọlọ́run wo ọmọ náà sàn. Obìnrin náà ṣe àmín, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ọmọ náà gbádùn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà gbé iṣu àti adìẹ wá dúpẹ́, ó sì sọ fún àwọn ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí bàtà fi ń kún ẹnu ọ̀nà wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo sọ fún ọ̀gá àgbà pé kó lé wọn. Ó ní, "Tíṣà, àdúrà kọ́ ni mo ń gbà fún wọn. Mò ń kí wọn ni." Ó sì ń jẹ iṣu ìkíni náà. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gé etí àsíá náà lọ sílé láti fi ṣe ìwòsàn. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i. Nígbà tó fi máa di àárín ọyẹ́, ohun tó kù lórí ọ̀pá kò ju ìnujú lọ.

Bí a ṣe wà nínú eléyìí ni ìròyìn dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìyànà Ọ̀fà pé alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ da àwọn ilé-ìwé tí ọmọ wọn kò pọ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tó tóbi. Ọmọ tiwa kò pọ̀. Ilé-ìwé tí wọ́n máa dà wá pọ̀ mọ́ sì wà ní òdìkejì títì ńlá, títì tí àwọn tírélà elépo àti elérùpẹ̀ ń gbà, tí wọn kì í mọ ọmọdé yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Kò sí afárá tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, kò sí ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró. Àwọn ọmọ Píráímárì Kìíní tiwa, tí wọn kò tíì lè wọ sálúbàtà sí ẹsẹ̀ tó yẹ, ni yóò máa sọdá rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.

Ọ̀gá àgbà sáré lọ sí Ìyànà Ọ̀fà lọ wádìí. Akọ̀wé kan tó mọ̀ ọ́n rí gbà á nímọ̀ràn pé, "Alábẹ̀wò yìí, àsíá ló máa ń kọ́kọ́ wò. Tí kò bá ti rí àsíá, kò ní wọlé, ó ti parí nìyẹn."

Ilé baálẹ̀ la gbà lọ, kí wọ́n lè bá wa kó abúlé jọ láti rán àsíá tuntun. Baálẹ̀ ló fún ìjọba ní ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé-ìwé sí, láìgba kọ́bọ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ti ṣe oko kòkó lápá Akanran nígbà èwe wọn kí wọ́n tó padà wálé wá gbin iṣu àti pákí. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ìṣe kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: wọn kì í sọdá títì. Tí wọ́n bá ń lọ sọ́jà Ìyànà Ọ̀fà, wọ́n á gba ẹ̀yìn oko, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á gba inú kọ́fátì kọjá, ihò ńlá tí odò ń gbà lábẹ́ títì. Àgbàlagbà, odindi baálẹ̀, nínú kọ́fátì! Mo rò pé ogbó ló ń ṣe wọ́n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Tíṣà." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, torí mo rò pé wọ́n ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni.

Gbogbo abúlé pé síwájú ilé wọn lọ́sàn-án ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn. Èmi ni mo dìde ṣàlàyé àsíá fún wọn. Mo ní funfun àárín dúró fún àlàáfíà, àwọ̀ ewé méjèèjì sì dúró fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọrọ̀ inú ilẹ̀ wa. Mo rò pé ìpàdé ti parí nìyẹn.

Baálẹ̀ ní, "Àwọ̀ ewé. Ewé wo?"

Mo ní, "Ewé ṣáá ni, Bàbá."

Wọ́n ní, "Ewé ò ní 'ṣáá', Tíṣà. Ewé ní orúkọ."

Ọ̀rọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin oníkòkó kan ní ewé kòkó ni, torí kòkó ló kọ́ gbogbo ilé ńláńlá tí ìjọba ń jókòó sí n'Íbàdàn. Onípákí dìde, ó ní ta ló jẹ kòkó yó rí, ewé pákí ni, torí gààrí ni olówó àti tálákà ń mu. Ẹnì kan ní ewé iṣu. Ẹlòmíràn béèrè pé kí ló dé tí ewé fi jẹ́ méjì tí funfun jẹ́ ẹyọ kan, ó ní àwọn Mùsùlùmí ló fi ọ̀nà ẹ̀yìn gba ìpín méjì, wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún àwọn aláṣọ funfun. Ẹnì kan dá a lóhùn pé funfun ló wà láàárín, ẹni tó wà láàárín ni wọ́n máa ń ṣọ́, ṣé ó tún fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?

Wọ́n wá ní kí wọ́n já ewé wá wò. Ẹ rántí pé ọyẹ́ ń fẹ́. Ewé tí wọ́n já wá, òmíràn ti pọ́n, òmíràn ti gbẹ, eruku bo ìyókù. Wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ́ ọ, wọ́n ń bi mí pé èwo ni ti ìjọba nínú wọn. Mo pariwo. Mo ní, "Àwọ̀ ewé! Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọ̀ ewé lásán!" Ọ̀gá àgbà ti sùn lọ lórí àga.

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè.

Wọ́n ní, "Ìjọba kì í fi ewé tó ń kú lọ ṣe àsíá. Ewé tí òjò bọ́ tó yó ni. Kó dúdú. Kó dúdú dáadáa."

Gbogbo wọn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni!" Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni, mo tiẹ̀ dúpẹ́. Láàárín àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí yé tọmọdé tàgbà. Oko tó bá ṣe dáadáa, wọ́n á ní ó dúdú. Àgbàdo tó gbádùn ilẹ̀, ewé rẹ̀ á dúdú mìnìmìnì. Kò sí àgbẹ̀ tó máa gbọ́ ọ tí yóò máa ro èédú.

Àmọ́ ẹni tó máa rán àsíá kì í ṣe àgbẹ̀. Ìyá aránṣọ wa, ọmọ ìgboro Ìbàdàn ni, ọkọ ló gbé e wá sí abúlé, kò dáko rí láyé rẹ̀. Aládùúrà ni, ìsìn ọjọ́rú ló ti ń bọ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀. Bó ṣe yọ sí wa ní ìparí ìpàdé, ó ní, "Báwo lẹ ṣe ní kó rí?" Gbogbo abúlé pa ohùn pọ̀ dá a lóhùn: "Dúdú, funfun, dúdú! Kó dúdú dáadáa!"

Ó ní, "Ó ti parí."

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni alábẹ̀wò ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìyá aránṣọ tó gbé àsíá dé, ó ká a sínú ọ̀rá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tú u sílẹ̀ níwájú èmi àti ọ̀gá àgbà. Dúdú, funfun, dúdú. Dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó tún ti fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe wajawaja sí gbogbo etí rẹ̀, bí aṣọ orí pẹpẹ.

Ọ̀gá àgbà ní, "Yéè! Ta ló kú?"

Ìyá aránṣọ ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní kó dúdú dáadáa. Gbogbo ìsọ̀ aláṣọ ni mo yà. Èyí tó dúdú jù ni mo rà, aláṣọ sì ní kì í ṣí. Wajawaja yẹn, ọ̀fẹ́ ni mo fi ṣe é."

Èmi tí kì í pẹ́ bínú, mo wá ìbínú tì. A wo òkè ọ̀pá: ìnujú tó kù níbẹ̀, àwọn olùjọsìn ọ̀gá àgbà ti gé ìyẹn náà lọ ní Jímọ̀ tó kọjá. Kò sí àsíá, kò sí ilé-ìwé, àwọn ọmọ á sì máa sọdá títì. Ọ̀gá àgbà ní, "Ẹ ta á sókè jàre. Tó bá ga, ó lè má hàn."

Ó hàn. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé e, wajawaja ń dán nínú oòrùn, gbogbo abúlé rí i. Àwọn tó wà lóko ju ọkọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin so gèlè mọ́ ìbàdí, wọ́n ń sáré bọ̀, wọ́n ń béèrè pé ta ló kú. Ẹni tí wọ́n bi kò mọ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ò mọ̀, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Obìnrin tó kọ́kọ́ wá bọ́ bàtà nínú kíláàsì mi rí àsíá náà láti ojú títì. Ó ké tantan wọlé pé, "Wòlíì mi ò! Ta ni kí n máa bá sọ ọ́!" Ọ̀gá àgbà sáré jáde láti ọ́fíìsì, ó ní, "Èmi rèé! Mo wà láàyè!" Obìnrin náà rí i nínú jàlàbíà funfun tó wọ̀ nítorí alábẹ̀wò, ó ké lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì sá gba inú oko pákí lọ. Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa di òní.

Bí alábẹ̀wò ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà nìyẹn, tó bá gbogbo abúlé lábẹ́ igi máńgòrò. Baálẹ̀ jókòó láàárín. Alábẹ̀wò wo àsíá. Ó wo àwọn èèyàn. Mo rí i tó ń wá irú ojú tó yẹ kó fi kí wa. Ọmọlúàbí ni, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó lọ síwájú baálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ó gbà pé àgbàlagbà kan ló ti lọ sinmi, bóyá bàbá baálẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n wọn, ó wá kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó sin àgbà.

Ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Bàbá. Ẹ̀yìn wọn á dára."

Ọ̀gá àgbà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ sẹ́nu: màá ní aṣọ ni kò bá a mu, màá ní aránṣọ kò gbọ́ dáadáa, màá ní ẹ ṣàánú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ lanu.

Wọ́n ní, "Ẹ ṣé. Àmọ́ kì í ṣe àgbà. Ẹ kú ìrọ́jú ni kẹ́ ẹ kí mi."

Ojú alábẹ̀wò yí padà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Áà! Ọmọ ta ni, Bàbá?"

"Ọmọ mi ni."

"Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

Baálẹ̀ ní, "Ó ti pẹ́. Kò tíì sí ilé-ìwé níbí nígbà yẹn. Òdìkejì títì ló ń lọ."

Àwọn obìnrin tó ti ń sunkún láìmọ ẹni tí wọ́n ń sunkún fún dákẹ́ lójijì. Àwọn àgbàlagbà abúlé wo ilẹ̀, torí àwọn mọ̀. Àwa àjèjì mẹ́ta, èmi, ọ̀gá àgbà àti ìyá aránṣọ, la ò mọ̀. Mo rántí kọ́fátì tí mo máa ń fi rẹ́rìn-ín. Mo rántí ọmọ tí mo ní kí wọ́n kà fún mi.

Alábẹ̀wò kò bi wá ní nǹkan kan mọ́. Kò ka ọmọ, kò wo ìwé. Ó kí baálẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó kí wọn, ó sì jẹ́ kí ọlọ́kadà máa lọ, ó ní òun á fi ẹsẹ̀ sọdá títì. Èmi ni mo sìn ín dé ojú títì. Ó dúró létí ọ̀dà láti sọdá, tírélà kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sọ́nà, ó gbé e padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo ara rẹ̀ ti kún fún eruku kó tó ráyè kọjá, àgbà ọkùnrin ni òun o. Nígbà tó dé òdìkejì, ó yíjú padà wò mí, ó mi orí.

Wọn kò dà wá pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí ọ̀gá àgbà kúrú: kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Àsíá tuntun bá iṣẹ́ náà dé, ojúlówó, àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé. Ìyá aránṣọ bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun bá wa fi wajawaja sí i, a kò gbà. Ọ̀gá àgbà fẹ́ fi ti tẹ́lẹ̀ ṣe aṣọ ìnupátákó, àmọ́ baálẹ̀ ní kí wọ́n kó o fún òun. Wọ́n ká a, wọ́n fi í há abíyá, wọ́n sì mú un lọ sílé.

Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ nígbà tí a ta tuntun náà. Pákí ti ń yọ ewé, koríko ti bo ojú ọ̀nà kọ́fátì. Baálẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n dúró lẹ́yìn àwọn ọmọ tó tò sílẹ̀. Wọ́n wo àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀, ètè wọn ń mì wúyẹ́wúyẹ́, mo sì rò pé wọ́n ń kà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè wo àsíá náà tó ń fẹ́.

Wọ́n ní, "Tíṣà, ó dúdú dáadáa."